Awọ Àmọ̀tẹ́kùn Lára Ológìnní

Iṣẹ́ ni ológìnní ń ṣe ní Ìmèrì. Ẹni tí ó bá kó àgbàdo sí àká kì í béèrè bí awọ ológìnní rẹ̀ ti rí. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ń pa eku. Nítorí náà ni ìtàn ológìnní kan tí a ń sìn nílẹ̀ Amẹ́ríkà nítorí awọ rẹ̀ ṣe jọ mí lójú. Ocicat ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1964, ní ìpínlẹ̀ Michigan, obìnrin kan tí ń jẹ́ Virginia Daly mú ìran ológìnní méjì pọ̀, èyí tí a ń pè ní Siamese àti èyí tí a ń pè ní Abyssinian. Nígbà tí ó tún mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn fún akọ Siamese, ó bí ọmọ kan tí àmì tótòtó bo gbogbo ara rẹ̀. Tonga ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọbìnrin Daly wò ó, ó ní ó jọ ocelot, ìbátan àmọ̀tẹ́kùn tí ń gbé inú igbó Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n tẹ Tonga lọ́dàá, wọ́n sì tà á. Ṣùgbọ́n Clyde Keeler, onímọ̀ nípa àjogúnbá ẹ̀dá, rọ obìnrin náà pé kí ó tún un ṣe, ó sì tún rí irú rẹ̀ bí.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹranko igbó lára Ocicat. Inú ilé ni baba rẹ̀ ti wá, inú ilé ni ìyá rẹ̀ ti wá. Àmì tí a rí lára ọmọ ti fara sin sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí kí ó tó hàn síta. Ó wọ ẹ̀wù ẹranko igbó, ṣùgbọ́n ìwà ilé ni ó ń hù.

Àmọ̀tẹ́kùn gan-an ńkọ́? Láyé àtijọ́, ọdẹ tí ó bá pa á, ààfin ọba ni ó ń gbé e lọ. Lónìí, ẹran náà kò tún wọ́pọ̀ mọ́ nínú igbó wa. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹgbẹ́ aláàbò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Láìpẹ́ yìí, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ àròkọ lórí àmọ̀tẹ́kùn. Ọ̀pọ̀ wọn kọ̀wé nípa ọkùnrin tí ó gbé ìbọn. Ọ̀kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé ọkọ̀ ni ó fi ń rìn.

Èmi kò bá wọn wí. Ohun tí ojú kò rí rí, báwo ni kálàmù yóò ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀? Àwọn tí ń sin Ocicat mọ ẹranko tí wọ́n fẹ́ kí ológìnní wọn jọ. Àwa tí a ni orúkọ àmọ̀tẹ́kùn, tí a fi ń ki akọni, ń tọ́ ọmọ tí kò mọ ẹni tí ó ni oríkì náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà ọdẹ ṣì wà ní Ìmèrì àti ní Ọ̀wọ̀. Ẹ rán àwọn ọmọ sí wọn kí wọ́n tó lọ. Kí a sì dá igi tí ó kù sí, nítorí orúkọ kì í pẹ́ kú lẹ́yìn ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ.