Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Pupa

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Èmi náà fẹ́ fi kún un pé ohun tó wà lẹ́yìn pupa kò kéré. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ má bàa rò pé ewì ti dà mí lórí rú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń ya fọ́tò lóde ìnáwó. Nígbà tó ra kámẹ́rà tuntun, ó gbé Nikon D70 rẹ̀ àtijọ́ fún mi. Ọdún 2004 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde. "Gbà, máa fi ṣeré," ló wí. Kò mọ̀ pé ogbó kámẹ́rà yẹn gan-an ni màá rí lò.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí kọ́ ni gbogbo ìmọ́lẹ̀. Lọ́dún 1800, William Herschel fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè. Ó wá gbé tẹmómítà sí ìkọjá pupa, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan mọ́. Ooru ibẹ̀ tún ju ti pupa lọ! Òun ni wọ́n ń pè ní infrared. Nígbà tó di 1910, Robert Wood ará Amẹ́ríkà gbé fọ́tò tó fi í yà jáde: ewé funfun báláú, ojú ọ̀run dúdú.

Kámẹ́rà díjítà ń rí infrared, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é máa ń fi gíláàsì kan dí i nínú, kí àwọ̀ fọ́tò má bàa bàjẹ́. Ti D70 kò dí i tán. Bí ẹ bá fẹ́ dán tiyín wò, ẹ pa iná yàrá, ẹ kọjú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sí i, ẹ tẹ rìmóòtù náà mọ́lẹ̀, kí ẹ ya á. Bí gílóòbù kékeré orí rẹ̀ bá tàn nínú fọ́tò, iṣẹ́ ti yá.

Ó wá ku fílítà, tí yóò lé ìmọ́lẹ̀ ojú wa sẹ́yìn, tí yóò jẹ́ kí infrared nìkan wọlé. Hoya R72 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Èmi ò lówó ẹ̀ jàre. Mo tú àpótí nẹ́gátíìfù ẹ̀gbọ́n mi. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù aláwọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ti bà kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, máa ń dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n infrared ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo fi méjì léra, mo fi dí ihò tí mo dá sáàárín páálí, mo sì fi sẹ́lótéèpù lẹ páálí náà mọ́ ojú lẹ́ǹsì. Ẹ má fi í wo oòrùn láéláé o! Ojú lè jó kí ẹ má tiẹ̀ mọ̀.

Boundary ni mo fẹ́ yà, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pààlà. Mo gun orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ́sàn-án gangan, níbi tí mo ti lè rí ìhà méjèèjì. Mo gbé kámẹ́rà lé àpò iyanrìn, mo mú ojú rẹ̀ dúró kí n tó lẹ páálí mọ́ ọn, nítorí bí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, òkùnkùn biribiri ni. Mo ṣí i fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Àkọ́kọ́ ṣe bàìbàì. Infrared kì í pàdé níbi tí ìmọ́lẹ̀ yòókù ti ń pàdé nínú lẹ́ǹsì. Mo yí lẹ́ǹsì díẹ̀ wá sí ìtòsí, mo dín ihò rẹ̀ kù sí f/8, mo sì jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ka àáyá kó tó yà, kí ọwọ́ mi má mì í. Fọ́tò jáde ní pupa látòkè délẹ̀. Mo sọ ọ́ di dúdú àti funfun lórí kọ̀ǹpútà.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Ewé ń fi pupa ṣe oúnjẹ, àmọ́ ó ń dá infrared padà, ìdí nìyí tó fi ń funfun. Ìhà Àpápá funfun bí òwú. Ìhà tiwa, òrùlé lórí òrùlé, eérú lórí eérú. Jungle City ni wọ́n ń pe Ajégúnlẹ̀, àbí? Igi igbó ọ̀hún wà lódìkejì!

Ìjọba pàápàá ti ní irú ojú yìí rí. NigeriaSat-1, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sójú ọ̀run ní 27 Oṣù Kẹsàn-án, 2003, àwọ̀ mẹ́ta ló ń yà: àwọ̀ ewé, pupa, àti infrared.

Ẹ̀kán funfun kan ṣoṣo wà níhà tiwa. Igi furúùtù àgbàlá wa ni, tí màámi ń ta ẹ̀wà àgánnyìn lábẹ́ rẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù sì ti ní òun máa gé e: gbòǹgbò rẹ̀ ti fọ́ sókàwéè, òun sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

Mo tẹ fọ́tò náà, mo gbé e lọ bá bàbá. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ṣé yìnyín ló bọ́ ni?"

"Rárá, sà. Ewé ni. Ilé yín nìyí, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa gan-an ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, fọ́tò ò lè tún sókàwéè ṣe."

Wọn ò parọ́. Mi ò rí èsì fọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi gé e. Màámi ra agboòrùn ńlá.

Mo padà gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ní wákàtí kan náà, fún àáyá mẹ́wàá kan náà. Nígbà tí mo fi fọ́tò méjèèjì han màámi, wọn ò bèèrè ohun tó ń jẹ́ infrared. Wọ́n fi ìka sójú eérú inú fọ́tò kejì. "Ibí ni mo wà," ni wọ́n wí.

Ẹ̀yin tí kámẹ́rà àtijọ́ wà nílé yín, ẹ tú àpótí nẹ́gátíìfù. Ìdí igi tó sún mọ́ yín jù lọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì tètè o.