Akọ̀wé Kóòtù Ni Bàbá Mi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ewì tí mo ṣèlérí fún olóòtú kọ́ ni ẹ fẹ́ kà yìí o. Ewì náà wà lọ́wọ́ mi, ó ti parí. Àwọn akọ̀wé ìjọba ni mo fi bú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi lè gbé e jáde.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, wọ́n ní ká mú ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú wá láti ìjọba ìbílẹ̀ wa. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo dé ọ́fíìsì wọn. Màmá tó wà nídìí tábìlì ní kí n san owó, mo san án, ó já rìsíìtì fún mi. Ló bá ki fọ́ọ̀mù mi bọ abẹ́ àwọn fọ́ọ̀mù yòókù, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò ní fún wa ní nǹkan tá a máa fi mu omi ni?" Mo ní mi ò ní. Ó ní ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i ò tíì dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀ kí ọ̀gá tó "dé". Ọ̀gá ọ̀hún, yàrá kejì ló jókòó sí látọjọ́ yìí!

Inú bí mi, mo kọ ewì. Mo pè wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ ìlú. Nígbà tí mo kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ẹ pàtẹ́wọ́ títí. Ohun tí mi ò sọ fún yín lọ́jọ́ náà ni pé akọ̀wé kóòtù ni bàbá tó bí mi.

Kóòtù ìbílẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1999. Òun ló ń gba ẹ̀sùn sílẹ̀, òun ló ń kọ ìwé ìpè sí olùjẹ́jọ́, òun ló ń mú ẹlẹ́rìí búra, òun náà ló ń tọ́jú fáìlì. Bí tọkọtaya bá jà títí tí wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá ń du ilẹ̀ bàbá wọn, ọwọ́ bàbá mi lọ̀rọ̀ wọn á kọ́kọ́ bọ́ sí. Ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ fíìfíì.

Nígbà kan rí, "alákọ̀wé" ni Yorùbá fi ń pe ẹni tójú rẹ̀ là, ẹni tí ìyá ọmọ ń gbàdúrà pé kó wá fẹ́ ọmọ òun. Bàbá mi ò tíì gbàgbé ìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó máa ń áyọ́ọ̀nù ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ó máa ń fi wọ́n kọ́ ara ògiri. Ẹni tó bá rí i lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé á rò pé owó ń bẹ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ní ọdún 2000, ₦5,500 ni owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀. Ní 2011 ó di ₦18,000. Ní 2019 ó di ₦30,000. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ₦70,000. Lójú ẹni tó ń ka nọ́ńbà, owó ń gòkè. Àmọ́ lóṣù tí wọ́n fọwọ́ sí ₦70,000 yẹn, àpò ìrẹsì kan ti ju iye yẹn lọ lọ́jà. Bàbá mi kì í ṣe ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá mọ́, wọ́n ti gbé e ga lẹ́ẹ̀mélòó kan, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń ka àtẹ̀gùn.

Pé wọ́n fọwọ́ sí i ò sì ní kó wọlé. Ní 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ò rówó oṣù san, àfìgbà tí ìjọba àpapọ̀ dìde sí i. Tiwa náà wà níbẹ̀. Ọdún yẹn ni mo mọ̀ pé èèyàn lè lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta kó má mú kọ́bọ̀ wálé. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2021, JUSUN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́, ti kóòtù pa káàkiri Nàìjíríà fún oṣù méjì gbáko. Wọ́n ní kí owó kóòtù máa bọ́ sọ́wọ́ kóòtù tààrà bí òfin ṣe wí, kó yé gba ọwọ́ gómìnà kọjá. Irú ẹ̀ náà ló wà nílé àwọn ìjọba ìbílẹ̀: ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ bá wọn tààrà. Màmá tó ní kí n wá nǹkan fi mu omi, abẹ́ irú ètò yìí lòun náà ti ń jẹun.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo ka ewì náà sí bàbá mi létí. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó wọ yàrá, ó mú ìwé ńlá kan jáde. Gbogbo owó oṣù tó ti gbà láti 1999 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó wọlé. Owó oṣù kejì wà tó jẹ́ pé inú oṣù karùn-ún ló wọlé. Àwọn àmì pẹ́pẹ̀pẹ́ kan wà létí ìwé. Mo bi í pé kí ni wọ́n.

Ó ní, "Ìgbà tí wọ́n na nǹkan sí mi ni."

"Ẹ sì gbà á, bàbá mi?"

"Mo gba òmíràn. Mo kọ òmíràn."

Ó wá ṣí ojú ewé kan, ó ní kí n wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo san owó ìgbàwọlé síbí ni. Bàbá kan tó ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ fẹ́ gba ẹ̀dà ìdájọ́, ó fún bàbá mi ní ₦15,000, ó sì rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi ní, "Mi ò yí nǹkan kan padà nínú ìwé ẹjọ́. Mo kàn tètè wá a ni. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, òun ò lówó lọ́wọ́. Ọjọ́ méjìlá ló fi lọ tó fi bọ̀ kó tó rí tiẹ̀."

Mo ń retí kó pa òwe fún mi, pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Kò pa á. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó jókòó.

Látọjọ́ náà, mi ò lè ka ewì yẹn mọ́ bí mo ṣe kà á fún yín. Kì í ṣe pé irọ́ ni. Ohun tí màmá yẹn ṣe fún mi ò dáa, ohun tí bàbá mi ṣe fún obìnrin yẹn ló burú jù. Ṣùgbọ́n nínú ₦15,000 yẹn ni mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó wá ń fi Yorùbá bú akọ̀wé. Àwa tá a sì ń pàtẹ́wọ́ yìí, iṣẹ́ ìjọba ni púpọ̀ nínú wa ń wá lọ tá a bá jáde. Tí wọ́n bá gbé tábìlì yẹn fún wa, tí owó oṣù ò sì wọlé fún oṣù mẹ́ta, kí la máa ṣe?

Mo bi bàbá mi bóyá mo lè kọ ọ̀rọ̀ yìí síta. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ kóòtù. Ó ní ewì mi náà dáa, ṣùgbọ́n kí n fi obìnrin ọlọ́jọ́ méjìlá yẹn sí i. Mo ti ń gbìyànjú láti ìgbà náà. Kò tíì gbà láti wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí ewì kà lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí.