Owó Oṣù Tí Wọ́n Gé

Ní ọdún 1996 mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn. Ìdí ààrò ni mo máa ń wà. Lóru ọjọ́ kan, NEPA mú iná lọ. Kí a tó rí àtùpà tàn, búrẹ́dì ti jóná. Nígbà tí oṣù parí, ọ̀gá gé ìdajì owó mi, ó ní ìtanràn ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n má padà wá mọ́. Oyún ìyàwó mi sì ti wọ oṣù kẹjọ.

Bàbá kan ní mọ́ṣáláṣí wa, tó ti fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ló kíyè sí ojú mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

"Ṣé wọ́n fún ọ ní ìwé ìgbanisíṣẹ́?"

"Rárá, Bàbá."

"Ọdún mélòó lo lò?"

"Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, sà."

Bàbá ní Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 kò gba ọ̀gá láyè láti gé owó òṣìṣẹ́ fún ìtanràn. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí kò bìkítà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aṣojú ìjọba. Ẹni tó ti lo ọdún 2, tí kò tíì pé 5, wọn yóò fún un ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan... rárá, ọ̀sẹ̀ 2 ni, tàbí owó rẹ̀. Ó tún mẹ́nu ba ìsinmi wákàtí kan fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wákàtí 6 lójúmọ́. Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yìn àpò fúláwà ni mo ti ń sáré kírun Àìlà!

Àpò ìwé tí wọ́n fi ń sanwó fún mi ni ẹ̀rí mi. Bàbá bá mi kọ lẹ́tà, ó sì tẹ̀ lé mi lọ. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sanwó, kò sì wo ojú mi.

Lónìí, èmi náà ní ilé búrẹ́dì. Lóṣù tó kọjá, ọmọ kan jẹ́ kí búrẹ́dì jóná. Mo ti ń ka owó tí n ó gé kí ojú tó tì mí. Mo san gbogbo rẹ̀. Ó dúró, ó ní, "Ẹ ṣé, Àlàájì. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi ńkọ́?"

Oṣù 3 ni òfin fún mi láti kọ ọ́. Ó ti lo oṣù 5 lọ́dọ̀ mi.