Lẹ́tà Sísanra, Àmì Kékeré

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fi gègé ṣe ọ̀nà ìmọ̀ fún ọmọ ènìyàn, tí súrà kan sì ń jẹ́ orúkọ gègé nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ẹni tí ó bá gba Àgbowó lọ sí Bódìjà yóò rí pósítà lára ògiri: ti wáàsí, ti yìgì, ti ẹ̀kọ́ ìdánwò. Lẹ́tà kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti fi kọ àkọlé wọn. Ó dúdú kirikiri. Apá kan rẹ̀ sanra bí òpó ilé, apá kejì tín-ín-rín bí irun orí, ó sì ní àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Giambattista Bodoni, òǹtẹ̀wé ìlú Parma ní Ítálì, tí ó kú ní ọdún 1813, wà lára àwọn tí ó sọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ di olókìkí. Kò sanra tó báyìí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òǹtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bọ́ ọ yó lẹ́yìn ọdún 1800, nítorí ìpolówó ọjà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Kò ṣàjèjì sí àwa olùkọ́ kéú. Kálàmù tí a gé ẹnu rẹ̀ ní pẹrẹsẹ náà a máa nípọn níhìn-ín, a sì máa tín-ín-rín lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń kọ́ ọmọdé ni pé àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bá, tá àti thá, ara kan náà ni wọ́n ní. Àmì kan nísàlẹ̀, méjì lókè, mẹ́ta lókè, òun ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Yorùbá rí.

Àwọn ọ̀dọ́ kan pe wáàsí ní àdúgbò wa, wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀WỌ̀ ÒBÍ. Lẹ́tà náà sanra, ó fani mọ́ra, ṣùgbọ́n kò ní àmì kankan. OWO OBI ni ó wà lára ògiri. Bàbá kan tí ó ń ta obì ní Dùgbẹ̀ bi wá pé, ṣé wọ́n tún ti fi kún owó obì ni? A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn wá. Àwọn òbí tí à ń pè kò mọ̀ pé àwọn ni.

Ọ̀nà méjì ni èyí ń gbà ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà sísanra ni a ṣe láìro ẹ, ọ àti ṣ mọ́ ọn; kọ̀ǹpútà á yá wọn lára lẹ́tà mìíràn, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo síbẹ̀. Èkejì, fọtokọ́pì olówó pọ́ọ́kú a máa jẹ ìlà tín-ín-rín.

Nítorí náà, ẹ lò ó fún àkọlé ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tí a óò rí láti òkèèrè. Ẹ fi lẹ́tà tí ara rẹ̀ dọ́gba kọ ọjọ́, aago àti ibi ìpàdé. Bí èyí tí ó wù yín kò bá ní àmì, ẹ yan òmíràn. Kí ó tó di ọdún 1859 tí Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ni a ti ń tẹ Yorùbá. Èdè wa kì í ṣe àlejò nílé ìtẹ̀wé.

Kí Ọlọ́hun fi àǹfààní sí ìmọ̀ wa. Àmín.