Ẹran Inú Àpò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ọmọ Pírámárì 3 kan ló dá mi lóhùn nígbà TP, tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi kúrò lọ́kàn mi. Mo pa àlọ́ Ìjàpá àti ẹ̀bẹ gbígbóná fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: Ìjàpá lọ sílé àna rẹ̀, ó bá ẹ̀bẹ lórí iná. Ìyá ìyàwó rẹ̀ yíjú báyìí, ó ti bù ú sínú fìlà, ó dé e mórí, ó ní òun ń lọ. Àwọn àna ní dandan, àwọn máa sìn ín sọ́nà. Bó ṣe ń ní kí wọ́n padà ni wọ́n ń ní ó tì o, àna àwọn pàtàkì! Nígbà tí wọn yóò fi padà, orí ti bó. Ìdí nìyẹn tí orí Ìjàpá fi pá.

Mo wá bèèrè ẹ̀kọ́ inú àlọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè: "Ó yẹ kó jẹ́ kó tutù ná kó tó jí i!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó wá wò mí kọ nǹkan sínú ìwé wọn. Ẹ má bi mí ní máàkì tí mo gbà.

Àwọn kan wà lọ́gbà wa tí wọ́n ń sọ pé Ìjàpá kì í ṣe ohun tó yẹ ká fi kọ́mọ, pé olè ni, ọ̀kánjúwà ni. Wọn ò parọ́. Ẹ lọ wo Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1973: ìyà tó jẹ ẹ́ nínú àlọ́ kan kì í kọ́ ọ lọ́gbọ́n nínú òmíràn. Bí àlọ́ bá ń tún ìwà ṣe, ṣebí Ìjàpá ló yẹ kó kọ́kọ́ yí padà!

Ṣùgbọ́n mo ní tèmi láti sọ. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ṣí ìkòkò ọbẹ̀, mo mú ẹran kan. Bí mo ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá, mo sọ ọ́ sápò ṣòkòtò. Ó gbóná o! Màmá ní kí n wá bá àwọn bó ẹ̀gúsí. Mo ní mo fẹ́ lọ ṣeré, wọ́n ní kí n jókòó jàre. Wọ́n bi mí nípa ilé ìwé, wọ́n bi mí nípa tíṣà mi, wọ́n tiẹ̀ bi mí nípa ajá ilé kejì. Epo ń ṣàn sí mi nítan, mo ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni mà," omi ń dà lójú mi.

Lálẹ́, wọ́n ní "Ààlọ́ o!" A ní "Ààlọ̀!" Àlọ́ ẹlẹ́bẹ yìí gan-an ni wọ́n pa. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sì bèèrè ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, Màmá ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Mi ò mọ ohun tó wà nínú àpò ọmọ TP yẹn. Bóyá kò sí nǹkan kan. Màmá mọ ẹni tí wọ́n ń pàlọ́ fún, èmi kàn pa á nítorí pé ó wà nínú nóòtì mi ni.

Wọ́n kú ní 2019, mi ò sì bi wọ́n rí bóyá wọ́n mọ̀, àbí ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi ṣòkòtò náà pamọ́ sí. Ní Mọ́ńdè, mo dé láti ilé ìwé, mo bá a lórí okùn, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n yí àpò rẹ̀ síta kó lè gbẹ.