Owó Tí À Ń San Ká Tó Lè Fi Ẹjọ́ Sùn

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Tí ẹ bá pe báǹkì tàbí iléeṣẹ́ ìjọba, tí ohùn kan ní kí ẹ dúró, pé wọn yóò dá yín lóhùn láìpẹ́, ta ló ń sanwó ìdúró yẹn?

Ẹ̀yin ni. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ wọn ti gbé ìpè ni owó ti ń kà. Bó jẹ́ orin ni wọ́n ń kọ sí yín létí, bó jẹ́ èèyàn ló ń dá yín lóhùn, iye kan náà ni. Ká ní kọ́bọ̀ 20 ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú 15 ti di náírà 180. Àwọn àgbà inú wa rántí pé nígbà tí GSM dé ní 2001, ìṣẹ́jú odindi ni wọ́n ń gbowó lé lórí, àfi nígbà tí Glo gbé kíka ní ìṣẹ́jú àáyá dé ní 2003. Inú wa dùn nígbà náà. Ní January 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí owó ìpè lè gun òkè dé ìdá 50 nínú 100. Owó ìdúró náà bá a gòkè.

Àbúrò ìyá mi kan ń ta ata ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Ó fẹ́ gba náírà 3,000 lọ́dọ̀ oní-POS. Báǹkì yọ owó náà, oní-POS ní kò wọlé. Ó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM rẹ̀. Ẹ tẹ 1, ẹ tẹ 3, ẹ tẹ 2, orin bẹ̀rẹ̀. Owó orí fóònù rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó yá káàdì (wọ́n ń yọ tiwọn lórí ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mìíràn nìyẹn), ó tún pè, ẹ̀yìn pátápátá ló tún bọ́ sí. Lọ́jọ́ kẹta ó pa ọjà tì, ó wọ mọ́tò lọ sí báǹkì. Kí owó náà tó padà, ó ti ná bí ìdajì rẹ̀ láti fi wá a.

Kì í ṣe àpò báǹkì ni owó ìpè yẹn ń lọ o, iléeṣẹ́ fóònù ló ń gbà á. Ohun tí báǹkì ń jẹ níbẹ̀ ni pé ó lè fi èèyàn díẹ̀ sídìí fóònù láìsí ohun tó máa ná an. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ni, òun ni yóò máa sanwó gbogbo ìdúró yẹn, ẹ ó sì rí i bí ìdúró yóò ṣe kúrú! Suuratul-Mutọffifiin kìlọ̀ fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Kóńgò àti ìwọ̀n la sábà máa ń mẹ́nu bà tí a bá ń ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìṣẹ́jú oníbàárà náà yẹ ní wíwọ̀n dáadáa.

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Bìrìtéènì mọ̀ pé òfin kan wà níbẹ̀ láti June 2014: oníṣòwò tó ta ọjà fún ọ kò gbọdọ̀ ní kí o fi nọ́ńbà tó wọ́n ju ìpè lásán lọ pe òun nípa ọjà náà. Láti July 2015, ìpè sí 0800 di ọ̀fẹ́ lórí fóònù alágbèéká pẹ̀lú.

Níbí, 112 fún pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni. 622 ti NCC, ọ̀fẹ́ ni, fún ẹni tí iléeṣẹ́ fóònù kò yanjú ẹ̀sùn rẹ̀. Tí ẹ bá sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní báǹkì, ẹ má bú ọmọ náà, òun kọ́ ló dá ìdúró sílẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ má baà tún fi káàdì tuntun ro ẹjọ́ àtijọ́.