Orúkọ Tí Ó Wà Nínú Fọ́ọ̀mù

Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ínṣọ́ránsì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì ni mo máa ń gbọ́. Èkíní ni pé, “Ẹ̀yin tí ẹ mọ owó gbà, tí ẹ kò mọ owó san!” Èkejì a máa ti ẹnu àwọn ará ìjọ jáde pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀: pé onígbàgbọ́ tí ó bá ń san owó sílẹ̀ nítorí ikú tàbí ìjàǹbá ti fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí n kọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, inú mi dùn. Kì í rọrùn láti dáhùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-iṣẹ́ náà, lábẹ́ ètò SIWES tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1973 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí iṣẹ́ ti rí kí wọ́n tó jáde. Ilé alájà púpọ̀ ni, ní Marina, ní Èkó, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀sà. Ní oṣù àkọ́kọ́, kò sí ohun tí mo ṣe ju kí n ṣe ẹ̀dà ìwé, kí n to fáìlì, kí n sì gbé lẹ́tà láti àjà kan dé òmíràn. Lífítì wọn a máa dákú, nítorí náà mo mọ àtẹ̀gùn ibẹ̀ dunjú.

Ní oṣù kejì, wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka tí ó ń san owó òfò. Obìnrin kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀gá ibẹ̀. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ní òwúrọ̀ tí mo kí i tán, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ka fáìlì kí o tó bá ẹni tí ó ni ín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí fáìlì bá ọ dá a lóhùn.” Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó yé mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń sọ pé wọn kò san owó fún òun ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé oníṣòwò aṣọ kan ní ọjà tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 10 náírà, ṣùgbọ́n kí owó tí yóò máa san lè dín kù, ó kọ mílíọ̀nù 4 sínú fọ́ọ̀mù. Iná wá jó ọjà tí ó tó mílíọ̀nù 5. Yóò rò pé mílíọ̀nù 4 ń bọ̀ wá bá òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ọjà rẹ̀ ni ó mú wá sábẹ́ ààbò. Nítorí náà ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá òfò náà ni yóò gbà, èyí ni mílíọ̀nù 2. Bí Màmá ti máa ń là á yé wọn ni pé ẹni tí ó dá èésú ààbọ̀ kì í kó odindi. Wọn a gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn a máa bínú lọ. N kò sì dá wọn lẹ́bi tán, nítorí àwọn tí ó ta ìwé náà fún wọn kì í sọ apá yìí sókè.

Ti ọkọ̀ tún wá burú ju èyí lọ. Dandan ni lábẹ́ òfin pé ẹni tí ó ní ọkọ̀ lójú títì gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, irú ínṣọ́ránsì tí yóò bá a san ẹ̀bi ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe. Nígbà náà, 5,000 náírà ni owó rẹ̀ lọ́dún fún ọkọ̀ ara-ẹni. Láti January 2023 ó di 15,000 náírà, ilé-iṣẹ́ sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá ẹlòmíràn tí ó bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra ìwé lásán lọ́wọ́ àwọn tí ń dúró lẹ́bàá ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, nítorí ọlọ́pàá nìkan. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ ọkọ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìwé bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Bí a bá tẹ nọ́ḿbà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, a kì yóò rí nǹkan kan.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ti opó kan tí ó wá ní ọjọ́ Ajé kan, ó gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ pọ̀n. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan. Ẹnìkan níbẹ̀ ni ó sọ fún un pé owó kan wà. Òótọ́ ni: òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tí òfin náà kàn ra ínṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan òṣìṣẹ́ náà. Agbanisíṣẹ́ yìí ti san tirẹ̀ pé. Èmi ni mo fa fáìlì náà yọ. Ní ibi tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tí yóò gba owó náà, ọkùnrin náà ti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Kò tíì gbéyàwó nígbà tí ó kọ ọ́, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Màmá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ san owó fún. Kò sí agbára kankan lọ́wọ́ rẹ̀ láti yí i padà. Ṣùgbọ́n ó pe ẹ̀gbọ́n náà lórí fóònù, ó ní kí ó wá, ó sì ní kí ìyàwó àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ó fi fọ́ọ̀mù náà hàn án.

“Bàbá, ẹ̀yin ni òfin mọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni àbúrò yín fi sílẹ̀. Kí ni kí á sọ fún ìyá wọn?”

Ọkùnrin náà dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀. Pé òun ni òun ṣe gbogbo ìnáwó ìsìnkú, gbèsè rẹ̀ sì ṣì wà lọ́rùn òun. Níkẹyìn, ó ní òun yóò mú ìdajì fún àwọn ọmọ. Opó náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Bùọ̀dá,” omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Inú bí mi. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ fún Màmá pé gbogbo owó náà ni ó yẹ kí ọkùnrin náà fi sílẹ̀. Kò bá mi jiyàn, ó kàn ní ọkùnrin náà ti ṣe ju ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, àti pé òun ti rí àwọn tí ó gba gbogbo rẹ̀ tí wọn kò sì wẹ̀yìn. Títí di òní, n kò tíì mọ èyí tí ó tọ̀nà nínú èrò àwa méjèèjì.

Ní ti àwọn tí ó ń sọ pé kò bá ìgbàgbọ́ mu, àwọn àlùfáà gan-an wà lára àwọn tí ó fi ìdí ọ̀nà yìí múlẹ̀. Ní 1744, Robert Wallace àti Alexander Webster, àlùfáà ìjọ Presbyterian ní Scotland, dá àpò owó kan sílẹ̀ fún opó àti ọmọ aláìníbaba àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ṣírò iye àlùfáà tí ń kú lọ́dún àti iye opó tí wọ́n ń fi sílẹ̀. Colin Maclaurin, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Edinburgh, sì bá wọn yẹ ìṣirò náà wò. Jósẹ́fù náà kó ọkà pamọ́ fún ọdún méje ní Íjíbítì, n kò sì tíì gbọ́ oníwàásù tí ó sọ pé òun ni ó pe ìyàn wá. Àwa pàápàá ṣe é ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí: bí olè bá já àpótí ẹnìkan, ago gàárì kọ̀ọ̀kan ni a máa ń bù jọ fún un, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ àpótí tí ó kàn.

Ilé-iṣẹ́ náà gbà mí síṣẹ́ lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ mi, ẹ̀ka kan náà ni mo sì wà títí di òní. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa pè mí láti béèrè iye tí ínṣọ́ránsì ọkọ̀ jẹ́. N kò tíì ní dáhùn tí n óò fi béèrè orúkọ tí ó wà nínú fọ́ọ̀mù wọn níbi iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì, tí ó ti ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, dákẹ́ lórí fóònù nígbà tí mo bi í. Ó ní òun yóò pè mí padà. Ọjọ́ kẹta ni ó tó pè. Orúkọ ìyá rẹ̀, tí a jọ sin ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ni ó bá níbẹ̀.